Drone tó ò bá lè tún ṣe fúnra ẹ, kì í ṣe tìẹ

Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn o. Ẹni tó bá ń kánjú, kó fi pamọ́, kó padà wá kà á lálẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ rèé: tó o bá ń gbé ní Igbókòdá, tàbí ibikíbi létí omi wa ní Ìlàjẹ, tó o sì ti ń kówó jọ láti ra drone, má ra èyí tí wọ́n ti tò pọ̀ tán. Ra kit. Ra férémù, ra motor mẹ́rin, ra bọ́ọ̀dù, ra kámẹ́rà, kó o jókòó jó gbogbo ẹ̀ pọ̀ fúnra ẹ. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní ṣe ni mo fẹ́ fìyà jẹ yín. Ẹ kà á tán ná.

Kì í ṣe drone tí wọ́n fi ń ya fídíò ìgbéyàwó ni mò ń sọ. Ìyẹn, tó o bá fọwọ́ kúrò lára rìmóòtù, á dúró jẹ́ẹ́ lójú ọ̀run, GPS ló ń dì í mú. FPV ni mò ń sọ, tí wọ́n fi ń sáré ìje. Wàá gbé awò sójú, ohun tí kámẹ́rà iwájú ẹ̀ bá ń rí nìwọ náà á máa rí, àfi bíi pé inú ẹ̀ lo jókòó sí. Kò sí GPS tó máa gbà ọ́ sílẹ̀. Tó bá ti dẹ̀gbẹ́, á dẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀ títí ìwọ fúnra ẹ á fi gbé e dìde. Èyí tí abẹ̀bẹ̀ ẹ̀ jẹ́ ínǹṣì márùn-ún lè sáré kọjá 120 kìlómítà ní wákàtí kan, bátìrì ẹ̀ sì lè má ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ kó tó tán. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré, ọwọ́ ẹ á ṣì máa gbọ̀n lẹ́yìn tó ti balẹ̀.

Àwọn tó ń pè é ní nǹkan ìṣeré ọmọdé, ẹ gbọ́: lọ́dún 2016, ní Dubai, ọmọ ọdún 15 kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Luke Bannister, ló gba ipò kìíní nínú World Drone Prix. 250,000 dọ́là ni ẹgbẹ́ ẹ̀ gbé lọ sílé. Mi ò ní ẹ̀yin náà máa gbà á o. Mo kàn ń sọ pé ọmọdé ló gba owó yẹn.

Kí ló dé tí mo fi ní kit?

Nítorí pé drone eré ìje máa ń ṣubú. Kì í ṣe "bóyá á ṣubú." Á ṣubú lónìí, á ṣubú lọ́la, á sọ igi, á sọ páànù ilé onílé. Abẹ̀bẹ̀ á kán, apá férémù á là, wáyà motor á já. Ẹni tó rà á ní títò tán á gbé e sínú páálí, á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ń lọ sí Èkó. Ẹni tó jó o pọ̀ fúnra ẹ á tú skúrù mẹ́rin, á fi apá tuntun sí i, á sì tún fò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ wo àwọn tó ń wakọ̀ ojú omi wa. Ta ni nínú wọn tó jẹ́ gbéra láti èbúté Igbókòdá lọ sí ọ̀nà òkun láì mọ bí wọ́n ṣe ń tú púlọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n nù ún, kí wọ́n dá a padà? Tí ẹ́ńjìnnì bá kú láàárín omi, kò sí mẹkáníìkì tó máa rìn lórí omi wá bá ẹ. Ọgbọ́n tí àwọn bàbá wa fi ń lo Yamaha náà ni mo fẹ́ ká fi lo drone. Kò sí nǹkan tuntun níbẹ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wọ inú ẹ̀.

Férémù carbon fibre ni egungun ẹ̀. Bọ́ọ̀dù méjì ló máa ń wà láàárín, ọ̀kan lórí èkejì. Tòkè ni ọpọlọ, òun ló ń mọ ibi tí drone dẹ̀gbẹ́ sí. Tìsàlẹ̀ ló ń pín iná fún motor mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Motor méjì ń yí sọ́tùn-ún, méjì ń yí sósì, tó o bá fi abẹ̀bẹ̀ tọ̀tún sí tòsì, bó ṣe fẹ́ gbéra báyìí ló máa dojú délẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kámẹ́rà, ohun tó ń rán àwòrán sínú awò ẹ lórí 5.8 GHz, àti ohun tó ń gbọ́ àṣẹ rìmóòtù, tó sábà máa ń wà lórí 2.4 GHz. Ó tán. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó lè pààrọ̀ ojú fóònù nínú ọjà wa lè tò ó.

Àmọ́ soldering iron tí wọ́n fi ń tún fóònù ṣe kéré jù fún ibi kan: ibi tí wáyà bátìrì ti wọ bọ́ọ̀dù. Wáyà yẹn nípọn, bọ́ọ̀dù yẹn náà ń mu ooru. Iron tí kò lágbára á kàn lẹ léèdì mọ́ ọn lójú lásán, ara ẹ̀ á rí hákahàka, ọjọ́ tó o bá tẹná tán lójú ọ̀run ló máa já. Wá èyí tó tó 60 watt. Léèdì tó bá jó dáadáa máa ń dán, ara ẹ̀ á sì yọ̀.

Kó o tó fi bátìrì sí i nígbà àkọ́kọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gílóòbù íńdíkétọ̀ mọ́tò, èyí tó jẹ́ 12 volt, 21 watt. Já ọ̀kan nínú wáyà tó ń bọ̀ láti bátìrì, kó o fi gílóòbù yẹn sáàárín. Tí gílóòbù bá kàn ṣẹ́jú díẹ̀ tó sì kú tàbí tó rọ̀ pẹ̀sẹ̀, ọkàn ẹ balẹ̀. Tó bá tàn gbòò tí kò kú, wáyà kan ti fara kan èkejì níbìkan. Yọ bátìrì kíá, kó o lọ wá a. Láìsí gílóòbù yẹn, èéfín ni ì bá fi sọ fún ẹ, owó bọ́ọ̀dù ti lọ nìyẹn. Gbogbo ayé ló ń lo ẹ̀tàn kékeré yìí. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún iná ọkàdà ṣe lo ti máa rí gílóòbù náà.

Ohun mìíràn tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n: iyọ̀. Atẹ́gùn wa ní iyọ̀ nínú, gbogbo ẹni tó ní páànù lórí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ yẹn máa jẹ ẹsẹ̀ àwọn nǹkan kéékèèké tó wà lórí bọ́ọ̀dù. Ọ̀dà pàtàkì wà tí wọ́n ṣe fún un, àmọ́ kútẹ́ẹ̀sì tó mọ́ gaara, èyí tí kò ní àwọ̀, náà ń ṣiṣẹ́. Fi kun bọ́ọ̀dù léèmejì, jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Má jẹ́ kó kan ojú ihò USB, má jẹ́ kó kan ibi tí wáyà ti ń wọlé. Mo mọ̀ pé àbúrò ẹ obìnrin máa bú ẹ. Ra tìẹ.

Tó bá já sínú omi oníyọ̀, yọ bátìrì kíákíá kó o tó ṣe ohunkóhun, fi omi tó mọ́ ṣàn án, kó o jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Wọ́n máa ń jí nígbà míì. Ṣùgbọ́n carbon fibre kì í léfòó, tó bá já sáàárín odò, ó di ti ẹja. Nítorí náà, má fò ó lórí omi títí ọwọ́ ẹ á fi mọ̀ ọ́n dáadáa. Pápá ilé ìwé ni kó o lọ lọ́jọ́ tí kò sí ọmọ ilé ìwé níbẹ̀, kó o sì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni pápá. Lọ ní òwúrọ̀. Tó bá ti di ọ̀sán, afẹ́fẹ́ òkun á ti dé, afẹ́fẹ́ yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Má sì sá wọ ẹ̀yìn ilé onípáànù: páànù ń da àwòrán padà, awò ẹ á kàn funfun báláú ni, lójú ẹsẹ̀ tó o nílò ojú jù.

Ká sọ̀rọ̀ iná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìlú ńlá ò ní mọ apá yìí.

Gúúsù Oǹdó lò ju ọdún mẹ́wàá lọ láìsí iná ìjọba. Àwọn kan tó ń kà á báyìí, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n bí wọn sí etí ẹ̀. Nítorí náà tí ẹnì kan bá ní "drone ò lè ṣe é ṣe ní Ìlàjẹ torí kò síná," mo mọ ibi tó ti ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Bátìrì drone 4S, 1500 mAh, agbára tó wà nínú ẹ̀ ò ju nǹkan bíi 22 watt-hour lọ. Bátìrì sólà 12 volt, 100 Ah, tó o bá lo ìdajì ẹ̀ péré kó má bàa bàjẹ́, 600 watt-hour ni. Yọ èyí tó máa ṣòfò kúrò, á ṣì tó ogún bátìrì drone. Ọ̀pọ̀ ṣájà tó dáa ló sì lè gba iná tààrà lára bátìrì 12 volt, kò nílò inverter. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gba owó ṣájì fóònù ti ní gbogbo ohun tó o nílò.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni iná tó lè jó wa. Bátìrì LiPo kì í ṣe bátìrì fóònù. Tó bá wú, tó bá fara pa, tàbí tó o bá ṣájì í kọjá 4.2 volt fún sẹ́ẹ̀lì kan, ó lè gbiná, iná yẹn kì í gbọ́ ti omi ife kan. Ẹ wá ronú nípa ilé onípákó tó dúró lórí òpó láàárín omi, tí jálá bẹntiróòlù wà ní igun yàrá. Ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣájì í nínú ilé bẹ́ẹ̀. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ìta gbangba ni, lórí iyanrìn, nínú ìkòkò amọ̀ tí wọn ò dé pa, kí ẹnì kan sì jókòó tì í. Tó o bá ti fò tán, má fi í sílẹ̀ ní kíkún, má sì fi í sílẹ̀ lófìfo: 3.8 volt fún sẹ́ẹ̀lì kan ni kó o fi pamọ́ sí. Ẹni tí kò bá lè ṣe èyí, kó má ra drone rárá, kit o, títò tán o.

Mo sì ti rí ẹni tó ń bi mí bóyá òun lè fi sẹ́ẹ̀lì láàpútọ́ọ̀pù àtijọ́ ṣe bátìrì. Fún awò ojú, bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n máa ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n bá ṣì lágbára. Fún drone eré ìje, rárá. Tó o bá tẹ̀ ẹ́ dópin, motor mẹ́rin yẹn lè fa ju 100 ampere lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Sẹ́ẹ̀lì láàpútọ́ọ̀pù á gbóná, á sì bá ọ jà.

Owó ńkọ́? Mi ò ní tàn yín: kit nìkan kò tó ìdajì owó tó máa ná ẹ. Awò ojú wà, rìmóòtù wà, bátìrì mẹ́ta ó kéré tán, ṣájà, abẹ̀bẹ̀ tó máa kán. Ẹyọ ẹnì kan ní Igbókòdá máa pẹ́ kó tó kó gbogbo ẹ̀ jọ. Ohun tí mo rò ni pé ká dá a ní àjọ. Èèyàn márùn-ún: awò méjì, rìmóòtù kan tàbí méjì, ṣájà kan, soldering iron kan fún gbogbo wa. Drone nìkan ni kálukú máa ní tirẹ̀. Bátìrì ń tán ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹ̀yin márùn-ún ò sì ní jọ fò lẹ́ẹ̀kan náà, kí ni kálukú fẹ́ fi awò tirẹ̀ ṣe?

Ìdí nìyí tí mo tún fi fara mọ́ analog, bó tiẹ̀ jẹ́ pé àwòrán ẹ̀ dà bíi ti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tí wọ́n ń yí áńtẹ́nà ẹ̀. Ó wọ́n díẹ̀ sí i ju digital lọ ni? Rárá, ó pọ́ọ́kú jù ú lọ fíìfíì, ẹnikẹ́ni tó bá sì yí awò tirẹ̀ sórí ìkànnì kan náà á máa rí ohun tí awakọ̀ ń rí. Ọmọ kékeré á wò, ìyá ẹ̀ á wò. Nǹkan tí gbogbo àdúgbò lè wò, àdúgbò kì í bẹ̀rù ẹ̀.

Ẹ̀rù gan-an sì ni ọ̀rọ̀ tó kù.

Bàbá kan rí férémù lọ́wọ́ mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe irú èyí tí wọ́n fi ń ju bọ́ǹbù lójú ogun nìyẹn?" Mo ní, "Irú ẹ̀ náà ni, bàbá. Àmọ́ ọkọ̀ tẹ́ ẹ fi ń pẹja náà, irú ẹ̀ làwọn olè fi ń jalè." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn ò tíì gbà. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Gbogbo wa ti rí fídíò Ukraine. Igbókòdá sì ní ibùdó Ológun Ojú Omi, epo rọ̀bì wà lágbègbè wa, omi wa ò sì fìgbà kankan ṣàìní àwọn tó ń ṣe òwò òru. Ọmọ tó bá gbé drone sókè nítòsí ibùdó yẹn ń wá wàhálà fún ara ẹ̀ àti fún gbogbo wa. Ẹ má dán an wò.

Òfin sì wà. Láti ọdún 2016 ni NCAA ti kéde fáyé pé ẹni tó bá fẹ́ fò drone ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn, kó sì gba ti ONSA, ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ààbò. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni rú òfin. Ohun tí mo ń bá jà ni pé ìwé méjèèjì yìí, ọwọ́ ilé iṣẹ́ ni wọ́n bá mu, wọn ò bá ọwọ́ ọmọ ọdún 17 létí omi mu. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ń fi drone ṣeré lásán, tí tirẹ̀ kò tó 250 gíráàmù, kò ní láti forúkọ drone náà sílẹ̀. Ìdánwò kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ló máa ṣe. Drone ínǹṣì márùn-ún wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, mo mọ̀. Àmọ́ ti kékeré wà, tó lè jókòó ní àtẹ́lẹwọ́, tí wọ́n máa ń fò nínú gbọ̀ngàn láàárín ògiri mẹ́rin. Ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn fún wa.

Tí ìjọba ò bá sì fẹ́ fún ọmọdé ní ìwé àṣẹ, kí ló dé tí ilé ẹ̀kọ́ ò lè gbà á? OAUSTECH wà ní Òkìtìpupa, kò jìnnà sí wa. Yunifásítì sáyẹ́ǹsì ni. Kí wọ́n gba ìwé náà, kí wọ́n yan pápá kan, kí àwọn ọmọ wá máa fò lábẹ́ wọn ní Sátidé. OSOPADEC, tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ìdàgbàsókè àgbègbè elépo, lè ra soldering iron ogún. Owó ẹ̀ ò tó owó kánópì àti àga ayẹyẹ kan.

Kì í ṣe àlá o. Lílongwe ní Málàwì, lóṣù kìíní ọdún 2020, UNICEF ṣí ilé ẹ̀kọ́ drone kan, African Drone and Data Academy, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fọwọ́ ara wọn kan drone kí wọ́n tó fò ó. Ẹ ò fẹ́ gbọ́ ti Málàwì? Ẹ wo Makoko, níbi tí àwọn èèyàn wa Ìlàjẹ ń gbé pẹ̀lú àwọn Ẹ̀gùn. Lọ́dún 2019, Code for Africa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ láti fò drone, wọ́n sì fi ya máàpù àdúgbò wọn, ibi tó jẹ́ pé lórí máàpù tẹ́lẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi pé kò sẹ́nìkan níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa sọ pé drone eré ìje kì í ya máàpù, òótọ́ lẹ sọ. Ó yá, ta ló máa tún èyí tó ń ya máàpù ṣe tó bá bàjẹ́? Motor ni motor ń jẹ́, léèdì ni léèdì ń jẹ́. Ọwọ́ tó mọ ọ̀kan mọ èkejì.

Ayétòrò nìkan ti tó láti mú mi kọ gbogbo èyí. Lọ́dún 1947 ni wọ́n tẹ ìlú yẹn dó, wọn ò dúró de ẹnikẹ́ni: wọ́n kan ọkọ̀ fúnra wọn, wọ́n dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra wọn, wọ́n ní iná mànàmáná tiwọn nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ṣì ń tan àtùpà. Lónìí òkun ń jẹ ẹ́, ilé kan tẹ̀lé òmíràn. Ní gbogbo ìgbà tí òkun bá tún ya wọ ibẹ̀, a máa ń retí kí ẹnì kan láti Àkúrẹ́ tàbí Èkó gbé kámẹ́rà dé kí ayé tó rí i. Nígbà tó bá fi dé, omi ti fà. Mo fẹ́ kó jẹ́ ọmọ Ayétòrò ló ní ojú lókè, ọjọ́ yẹn gan-an, wákàtí yẹn gan-an, pẹ̀lú ìwé àṣẹ lápò ẹ̀, kó sì jẹ́ pé tí afẹ́fẹ́ bá gbá drone ẹ̀ lulẹ̀, á tún un ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ báyìí, FPV Freerider wà lórí Android, fóònù lásán lè gbé e. Bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Wákàtí ogún lórí ẹ̀ kó o tó fọwọ́ kan ti gidi, mi ò ṣàwàdà.

Àwa mẹ́ta la ti wà nínú àjọ náà. Ó ku méjì. Ẹni tó bá ní soldering iron 60 watt, kó sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀ yìí. Gílóòbù wà lọ́wọ́ mi.